Afẹ́fẹ́ àti Omi ní Yàrá Hòtẹ́ẹ̀lì

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ lónìí kì í ṣe ti ìdánwò, kì í sì í ṣe ti owó ilé-ìwé. Ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀dì ni. Àwa mẹ́ta kan wọ yàrá hòtẹ́ẹ̀lì ní Ìkọ̀lé-Èkìtì, a tò ó gẹ́gẹ́ bí àwọn ará Ṣáínà ṣe ní kí á máa to yàrá, gbogbo rẹ̀ pé bí ó ṣe yẹ kó pé, ó wá ku díẹ̀ kí á má jí mọ́.

Ẹ rántí pé ní sáà tó kọjá, wọ́n pín kíláàsì wa sí ọ̀wọ́ ọ̀wọ́ fún iṣẹ́ ìwádìí lórí ẹ̀ka-èdè. Àríwá Èkìtì ló bọ́ sí ọwọ́ tiwa: alẹ́ kan ní Ìdó, alẹ́ kan ní Ọyẹ́, alẹ́ méjì ní Ìkọ̀lé. Ohun tí a bá lọ ni kí á jókòó ti àwọn àgbà, kí á gba ohùn wọn sílẹ̀, kí á gbọ́ bí wọ́n ṣe ń pe ilé ní "ulé", bí fáwẹ́lì u ṣe ń bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ lẹ́nu wọn nígbà tí kò lè bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ nínú Yorùbá àjùmọ̀lò. Iṣẹ́ náà dùn mọ́ wa. Ibi tí a sùn ló fẹ́ bà á jẹ́.

Hòtẹ́ẹ̀lì tí a wọ̀ ní Ìdó kò jìnnà sí Ilé Ìwòsàn Ìkọ́ṣẹ́ Ìṣègùn ti Ìjọba Àpapọ̀. Ẹni tó bá mọ Ìdó yóò mọ̀ pé ilé ìwòsàn yẹn ló ń fa àlejò wọ ìlú náà. Àwọn tí a bá níbẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ yẹn kì í ṣe ẹni tó wá ṣe fàájì, ẹbí aláìsàn ni wọ́n. Ìyá kan gbé fúláásíìkì oúnjẹ mọ́ àyà, bàbá kan jókòó sórí àga lẹ́nu ọ̀nà, ó ń ka owó, ó tún un kà. Mo ń sọ èyí kí ẹ lè mọ irú ẹni tó ń sùn ní hòtẹ́ẹ̀lì kéékèèké tó wà lágbègbè wa. Kì í ṣe olówó tó wá gbafẹ́.

Bí a ṣe wọ yàrá, ọ̀kan nínú wa yọ ìgò òróró àdúrà jáde. Ó fi kan igun ògiri mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó fi kan ìrọ̀rí. Ẹnì kejì bi ọmọ tó mú kọ́kọ́rọ́ wá léèrè pé níbo ni kíbíláà wà. Ọmọ náà nàka sí ìlà-oòrùn, ọ̀rẹ́ wa fi fóònù wò ó fúnra rẹ̀, ó yí ẹní rẹ̀ díẹ̀ sí ìhà àríwá, ó tẹ́ ẹ. Èmi ní tèmi ṣí fídíò kan tí mo ti gbà sórí fóònù, nípa bí arìnrìn-àjò ṣe lè fi feng shui tún yàrá hòtẹ́ẹ̀lì tò. Àwọn méjèèjì fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ títí ilẹ̀ fi ṣú. Ẹni tó ni òróró ní òrìṣà àwọn ará Ṣáínà ni mo fẹ́ gbé wọlé. Mo bi í pé kí ni òun náà ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe sí igun yàrá?

Mi ò fi ìbéèrè yẹn ṣàwàdà o. Kò sí nínú àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ẹni tó kàn wọlé tó ju ara rẹ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì. Yàrá tí ẹlòmíì sùn sí lánàá, tí ẹlòmíì yóò sùn sí lọ́la, kò tíì di tìrẹ títí wàá fi ṣe nǹkan kan sí i. Ìyá ìyá mi, tí kò gbọ́ feng shui rí láyé rẹ̀, kì í wọ ilé àlejò kó má kọ́kọ́ dúró ná kó wo òkè, wo ilẹ̀. Kì í gbálẹ̀ lóru. Kì í jẹ́ kí aboyún dúró sẹ́nu ọ̀nà, kì í sì í jẹ́ kí àwa ọmọdé jókòó síbẹ̀. Bí ẹ bá bi í ní ìdí rẹ̀, á ní èèwọ̀ ni, ọ̀rọ̀ ti parí nìyẹn. Ìgbà tí mo dàgbà ni mo rò ó pé ẹni tó ń gbálẹ̀ nínú òkùnkùn lè gbá òrùka wúrà dà nù, àti pé ẹnu ọ̀nà tí ènìyàn dí pa kò ṣeé sá gbà.

Feng shui, ní èdè àwọn tó ni ín, afẹ́fẹ́ àti omi ni. Feng ni afẹ́fẹ́, shui ni omi. Kì í sì í ṣe bẹ́ẹ̀dì ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, sàréè ni. Ìwé àtijọ́ tí wọ́n máa ń tọ́ka sí, tí wọ́n ní Guo Pu ló kọ ọ́, ẹni tó gbé ayé láti ọdún 276 sí 324, orí ibi tó yẹ kí á sin òkú sí ló dá lé. (Àwa tí àwọn baba wa ń sin òkú àgbà sínú ilé, ìyẹn kò yẹ kó ṣàjèjì sí wa.) Ìgbàgbọ́ wọn ni pé èémí kan ń bẹ tí wọ́n ń pè ní qi, tó ń rìn nínú ilẹ̀ àti lójú òfuurufú, tí ẹ̀fúùfù máa ń tú ká, tí omi sì máa ń dá dúró. Nítorí náà, ẹni tó fẹ́ kọ́ ilé tàbí tó fẹ́ gbẹ́ sàréè á kọ́kọ́ rìn yí ilẹ̀ náà ká. Á wo òkè tó wà lẹ́yìn rẹ̀, á wo odò tó wà níwájú, á wo ọ̀nà tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé àti ọ̀nà tó ń gbà jáde. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn, mo máa padà síbẹ̀.

Ohun tó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì lónìí kò gùn tó bẹ́ẹ̀. Ó ní kí o fi orí bẹ́ẹ̀dì ti ògiri tó dúró gbọn-in. Kí o sùn síbi tí wàá ti máa rí ilẹ̀kùn, àmọ́ kí o má na ẹsẹ̀ sí i tààrà, torí pé ẹsẹ̀ òkú ni wọ́n ń mú ṣíwájú bí wọ́n bá ń gbé e jáde. Kí o fi aṣọ bo dígí tó bá kọjú sí bẹ́ẹ̀dì. Kí o pa ilẹ̀kùn ilé ìgbọ̀nsẹ̀ dé kí oríire rẹ má bá omi lọ. Ọ̀rọ̀ oríire tó ń bá omi lọ yẹn, mi ò lè gbà á gbọ́, ṣùgbọ́n n kò rí ohun tó burú nínú kí á pa ilẹ̀kùn ilé ìgbọ̀nsẹ̀ dé. Ní ti dígí, ẹni tó bá ti jí lóru rí ní yàrá àjèjì, tó rí ènìyàn kan tó dìde jókòó níwájú rẹ̀, tí àyà rẹ̀ já kó tó mọ̀ pé òjìji ara òun ni, kò ní bi mí pé kí nìdí tí a fi ń bò ó.

Ẹ má sì rò pé ẹni tí kò rí iṣẹ́ ṣe ló ń ṣe é. Nígbà tí wọ́n ń kọ́ Disneyland ti Hong Kong, tó ṣí ní 2005, wọ́n pe àwọn onímọ̀ feng shui, wọ́n sì yí ẹnu ọ̀nà ńlá rẹ̀ díẹ̀ kúrò níbi tí wọ́n ti kọ́kọ́ fẹ́ kó kọjú sí. Ọ̀pọ̀ hòtẹ́ẹ̀lì ní Ṣáínà àti ní Hong Kong ni kò ní àjà kẹrin rárá: lẹ́yìn kẹta, karùn-ún ló kàn. Ìdí rẹ̀ ni pé ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń pe mẹ́rin àti èyí tí wọ́n ń pe ikú jọ ara wọn; ní èdè Mandarin, ohùn nìkan ló yà wọ́n. Àwa tí olùkọ́ wa ń fi ọkọ̀, ọkọ́ àti ọkọ yọ lẹ́nu láti ọdún kìn-ín-ní, ẹ ti rí i pé ohùn lè pa àjà ilé kan rẹ́!

Ní Ìdó, a gbé bẹ́ẹ̀dì kúrò lójú ọ̀nà, a fi aṣọ bo dígí, a sùn, ilẹ̀ mọ́. Ní Ọyẹ́ náà, kò sí ìtàn púpọ̀. Láti ìgbà tí Yunifásítì Ìjọba Àpapọ̀ ti dé síbẹ̀ ní 2011 ni ilé ìbùwọ̀ ti ń pọ̀ sí i ní ìlú náà: òbí tó mú ọmọ wá forúkọ sílẹ̀, ẹni tó ti jáde tó padà wá gba ìwé ẹ̀rí, gbogbo wọn ló ń wá ibi tí wọn yóò sùn mọ́jú. Omi kò yọ nínú ẹ̀rọ ní yàrá tiwa, garawa méjì ni wọ́n gbé fún wa. Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ń rùn. A pa ilẹ̀kùn rẹ̀ dé bí fídíò ṣe wí, imú wa sì gbà pé àwọn ará Ṣáínà ní ọgbọ́n. Títí dìgbà yẹn, mo ti ń yangàn.

Ọ̀sán la wọ Ìkọ̀lé, torí pé kò sí ẹni tó fẹ́ kí ilẹ̀ ṣú bá òun lójú ọ̀nà yẹn. Ẹ kò ní gbàgbé pé ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2024, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìkọ̀lé yìí kan náà, ni àwọn agbébọn pa ọba méjì lójú ọ̀nà. Awakọ̀ wa ń sọ ọ́ bí ẹni pé àná ló ṣẹlẹ̀. Ẹ̀rù yẹn la gbé wọ yàrá. Bí alẹ́ ṣe lẹ́, a ti ilẹ̀kùn, a fi àga tì í lẹ́yìn, a pa fèrèsé dé, a fa kọ́tìnì bò ó. Bẹ́ẹ̀dì ńlá kan ló wà níbẹ̀. Mo wo fídíò mi, mo wo yàrá, mo sì rí i pé igun kan ṣoṣo ló bá gbogbo òfin mu: ó jìnnà sí ilẹ̀kùn, a ó máa rí ilẹ̀kùn láti ibẹ̀, ògiri gidi ló wà níbi ìgbèrí, fèrèsé kò sì sí lókè orí wa, ẹ̀gbẹ́ ló wà. A ti bẹ́ẹ̀dì lọ síbẹ̀. Èmi àti ẹni tó ni òróró sùn sórí rẹ̀. Ẹnì kejì ní ooru ti pọ̀ jù, ó tẹ́ ẹní rẹ̀ sílẹ̀ nítòsí ilẹ̀kùn, níbi tó ti kírun.

Iná lọ ní nǹkan bí aago mẹ́jọ. Wọ́n tan jẹnẹrétọ̀. A gbọ́ ariwo rẹ̀, inú wa tilẹ̀ dùn, torí pé fáànù tún bẹ̀rẹ̀ sí í yí, fóònù wa náà sì ń gba iná. A sùn lọ.

Ohun tó jí mi ni pé ẹnì kan ń bì. Mo fẹ́ dìde, orí mi ń fọ́ bí ẹni pé wọ́n ń gún odó nínú rẹ̀, òòyì ń kọ́ mi, ẹsẹ̀ mi kò gbé mi. Ẹni tó ń bì ń pe Jésù, ó ń sọ pé wọ́n ti dé o, wọ́n ti dé. Ó gbà pé àwọn ayé ló wá bá wa jà. Èmi ò gbà pé nǹkan kan ni, mo kàn fẹ́ sùn padà ni, ìyẹn gan-an ló sì ń dẹ́rù bà mí tí mo bá rántí rẹ̀. Ẹni tó sùn sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ni ara rẹ̀ le jù lọ nínú wa. Ó gbé àga kúrò, ó ṣí ilẹ̀kùn, ó wọ́ wa jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. A jókòó sórí sìmẹ́ǹtì tútù títí ojú wa fi ń là díẹ̀díẹ̀. A kò lọ sí ilé ìwòsàn lóru yẹn. Ìwà òmùgọ̀ ni, kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi ìyẹn kọ́gbọ́n lára wa.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo rìn yí ilé náà ká. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo máa ṣe bẹ́ẹ̀ nìyẹn. Jẹnẹrétọ̀ wà nínú ọ̀nà tóóró tó wà láàárín ògiri yàrá wa àti ọgbà, wọ́n fi ṣéènì dè é mọ́ irin fèrèsé wa. Ẹnu páìpù èéfín rẹ̀ kọjú sí wa, kò tó ìṣísẹ̀ mẹ́ta. Gíláàsì méjì ti já lára fèrèsé náà, páálí ni wọ́n fi dí ojú rẹ̀, kọ́tìnì ni kò jẹ́ kí á rí i láti inú. Mo lọ sọ fún ẹni tó wà nídìí tábìlì ìgbàlejò. Ó ní, "Ẹ̀fọ́rí ni, àbí? Ẹ lo parasitámọ́ọ̀lù. Àwọn kan náà sọ bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́sí."

Èéfín jẹnẹrétọ̀ ní ohun kan nínú tí wọ́n ń pè ní carbon monoxide. Kò ní àwọ̀, kò ní òórùn. Èéfín tó kù lè rùn, àmọ́ èyí tó ń pani kì í rùn. Bó bá wọ ẹ̀jẹ̀, ó máa ń dì mọ́ ibi tó yẹ kí ọ́síjìn dì mọ́, agbára ìdìmọ́ rẹ̀ sì ju ti ọ́síjìn lọ ní ìgbà tó lé ní 200. Ẹ̀fọ́rí ló fi ń bẹ̀rẹ̀, òòyì, èébì, lẹ́yìn náà oorun. Ẹni tó ti ń sùn tẹ́lẹ̀ kò ní mọ ìgbà tó dé orí oorun ìkẹyìn yẹn. Àjọ tó ń dènà àrùn ní Amẹ́ríkà, ìyẹn CDC, ní kí jẹnẹrétọ̀ jìnnà sí fèrèsé àti ilẹ̀kùn ní ó kéré tán ẹsẹ̀ bàtà 20, nǹkan bíi mítà 6. Tiwa kò tó mítà 2.

Ẹ padà síbi tí mo ní kí ẹ fi sọ́kàn. Bẹ́ẹ̀dì wa wà níbi tó yẹ kó wà. Òfin kan kò yẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń ṣe feng shui láyé àtijọ́ kò ní bẹ̀rẹ̀ láti inú yàrá. Ìta ni yóò ti bẹ̀rẹ̀, yóò bèèrè afẹ́fẹ́ kó tó bèèrè dígí. Àwọn tó gé e kúrú fún àwa tí a ń wo fídíò ti gé afẹ́fẹ́ àti omi kúrò nínú rẹ̀, wọ́n wá fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Ohun tí mo ń bá wọn jà lé lórí nìyí. Mi ò bá wọn jà pé wọ́n ń bọ òrìṣà.

Àwọn baba wa náà kò bẹ̀rẹ̀ láti inú yàrá. Ẹ wo agbo ilé tí wọ́n kọ́ ní ojúlówó: àgbàlá wà láàárín, yàrá yí i ká, ọ̀dẹ̀dẹ̀ wà níwájú yàrá, òjò sì ń ti orí òrùlé rọ̀ sínú ìkòkò ní àgbàlá. Afẹ́fẹ́ àti omi, wọ́n jọ wà láàárín ilé. Yàrá wọn kéré, ó ṣókùnkùn, fèrèsé rẹ̀ kò tó nǹkan, n kò ní parọ́ pé ààfin ni. Àmọ́ inú yàrá kọ́ ni wọ́n ń gbé, wọ́n kàn ń sùn síbẹ̀ ni, ilẹ̀kùn rẹ̀ sì ṣí sí ìta gbangba. Ìdáná wà lẹ́yìnkùlé tàbí ní àgbàlá. Ẹ fi hàn mí bàbá Èkìtì kan tó máa dáná sí ìgbèrí àlejò rẹ̀. Jẹnẹrétọ̀, iná ni.

Mo mọ ohun tí àwọn onílé ìbùwọ̀ yóò sọ. Wọ́n ní bí àwọn bá gbé e jìnnà, olè á jí i gbé, wọ́n sì ní ẹ̀rí, torí pé ṣéènì tí mo rí kì í ṣe ọ̀ṣọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó lè fi irin dí fèrèsé 10 lè ro irin yí jẹnẹrétọ̀ kan ká ní ìpẹ̀kun ọgbà. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi náà yóò ní owó ọwọ́ wa kò tó hòtẹ́ẹ̀lì ńlá. Òótọ́ ni, tèmi náà kò tó o. Rírìn yí ilé ká kí á tó sanwó kò gba kọ́bọ̀ kan, bẹ́ẹ̀ sì ni yàrá tó wà ní ọ̀dìkejì ilé náà, iye kan náà ni wọ́n ń gbà á. Yàrá yẹn la sùn ní alẹ́ kejì. A kò gbé bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ síbikíbi, ojú ọ̀nà tààrà la na ẹsẹ̀ sí, dígí sì ń wò wá títí ilẹ̀ fi mọ́.

Ọ̀rẹ́ mi tó ni òróró ṣì gbà pé àwọn ayé ni, àdúrà òun ló sì yọ wá. Mi ò bá a jiyàn mọ́. Mo kàn ṣàkíyèsí pé nígbà tí a tẹ̀lé e lọ sí ìsìnkú bàbá rẹ̀ àgbà ní oṣù tó kọjá, tí wọ́n fún wa ní yàrá nílé ìbùwọ̀ kan, ẹ̀yìnkùlé ló kọ́kọ́ lọ wò. Ó padà dé kó tó yọ ìgò jáde.

Mo ti kọ lẹ́tà sí àwọn tó ń ṣètò iṣẹ́ ìwádìí ní Ẹ̀ka wa, pé kí ẹnì kan máa pe hòtẹ́ẹ̀lì lórí fóònù kí wọ́n tó sanwó fún akẹ́kọ̀ọ́, kó bèèrè ibi tí jẹnẹrétọ̀ wà àti bóyá fèrèsé ṣeé ṣí, àti pé kí wọ́n ra ẹ̀rọ kékeré tó máa ń ké bí carbon monoxide bá pọ̀ nínú yàrá, kí ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan máa gbé e dání lọ. Wọ́n ní àwọn ti rí lẹ́tà náà. Lẹ́yìn ìsinmi, ọ̀wọ́ mìíràn ń lọ sí Ìkọ̀lé. Bí orúkọ yín bá wà níbẹ̀, ẹ wá bá mi ní kíláàsì kí ẹ tó lọ. N kò lè kọ orúkọ hòtẹ́ẹ̀lì yẹn síbí, ṣùgbọ́n mo lè júwe fèrèsé rẹ̀ fún yín.